Àbùjá

Bàrákátù wọlé tòun ti òógùn lójú,
fíláàṣì rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn bíi tírà.
"Bọ̀ọ̀dá Sàláwù, ẹ gbà mí.
Oṣù méje ni mo fi kọ iṣẹ́ àṣekágbá mi,
ọ̀la ni màá fi lé ọ̀gá lọ́wọ́.
Gbogbo rẹ̀ ló ti di àbùjá."

Kì í ṣe Àbújá tí ìjọba wà.
Àbùjá tó ń wí,
ọfà kékeré kan ni, ní igun àwòrán fódà:
o tẹ̀ ẹ́, kò mú ọ débì kan,
ó kàn bí ọmọ mìíràn sínú ẹ̀rọ rẹ ni.
Àwọn àgbà ṣáà ti wí i,
kò sí àbùjá lọ́run ọ̀pẹ.

Mo bi í pé níbo ló ti fi bọ nǹkan kẹ́yìn.
Ó ní ṣọ́ọ̀bù Alfa Gàní, lẹ́yìn géètì,
ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ní ogún náírà.
Mo mi orí.
Kọ̀ǹpútà Gàní dà bí ìkòkò omi ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí:
gbogbo èrò ló ń ti ife bọ̀ ọ́,
a ò mọ èyí tó ń wúkọ́.
Mi ò bú Wíńdò o, òun ló ń bọ́ mi.
Ṣùgbọ́n ti Gàní ti darúgbó,
kò tún un ṣe rí láti ọjọ́ tó ti rà á,
ẹni tó bá sì jókòó níwájú rẹ̀ ni bàálé.

Mo fa láàpútọ́ọ̀bù àtijọ́ yọ lábẹ́ káńtà,
èyí tí àbúrò mi Jàmíù gbé Línúùsì sí
nígbà tó wálé ọdún Iléyá.
Ẹyẹ tí kò lè fò ni àmì rẹ̀,
agbádá dúdú lórí bùbá funfun.
Mo ki fíláàṣì bọ̀ ọ́.
Fódà yọjú, wọ́n pé:
Orí Kìíní, Orí Kejì,
títí dé ìdúpẹ́ tó kọ fún ìyá rẹ̀
tó ń mọ ìkòkò l'Ókèléélé.
Wọn ò kú. Aṣọ ni wọ́n dà bò wọ́n lórí.
Kòkòrò náà wà níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ gùn, kò nítumọ̀,
bí olè tó wọ agbo ilé lóru
tó ń pàṣẹ ní èdè tí wọn ò gbọ́ níbẹ̀.
Ta ni yóò dìde ṣílẹ̀kùn fún un?

"Ṣé èyí kì í ṣàìsàn ni?"

Mo ti la ẹnu láti fọ́nnu.
Jàmíù a máa ní: nílé Línúùsì,
ìloro kan ni gbogbo èèyàn ń gbà,
ọmọ ilé kì í wó ògiri
láìjẹ́ pé bàálé fọwọ́ sí i.
Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo máa ń rò ó lóru:
ṣé odi rẹ̀ ló ga,
àbí olè ò tíì rí èrè ládùúgbò rẹ̀?
Bàálé tó ń tòògbé ńkọ́?
Èmi rèé. Lóṣù Ààwẹ̀ tó kọjá
wọ́n ní kí n tẹ ibì kan, kí n gba ìrẹsì ọ̀fẹ́.
Ẹ̀rọ bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá mi lójú.
Ọwọ́ ara mi ni mo fi tẹ ọ̀rọ̀ ìṣínà.
Ọjọ́ mẹ́ta ni Jàmíù fi tún un ṣe,
kò bá mi wí,
ó kàn ń wò mí.

"Ó máa ń ṣàìsàn," mo ní, "tirẹ̀ ló yàtọ̀."

Mo fọ fíláàṣì, mo dá iṣẹ́ rẹ̀ padà sínú rẹ̀.
Ó ní kí n bá òun tẹ̀ ẹ́ jáde.
Ìnkì mi ti gbẹ láti ọjọ́ Jímọ̀,
owó rẹ̀ ò tíì pé.
Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó fún mi ní igba náírà, mo gbà á.
Ọ̀kadà dúró. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ kedere:
"Ẹ gbé mi dé ẹ̀yìn géètì, ṣọ́ọ̀bù Alfa Gàní."

Mo sáré jáde, mo ń pè é.
Fíláàṣì ń mì lọ́rùn rẹ̀,
eruku Tánkẹ́ ló dá mi lóhùn.